Delicious in Dungeon: mo ti wo apá mẹ́ta àkọ́kọ́, kí lẹ̀yin rí sí i?

Ọmọ Mọ́remí (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo apá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú anime (eré àwòrán àwọn ará Japan) tí Netflix pè ní Delicious in Dungeon. Dungeon Meshi ni àwọn ará Japan ń pè é. Oṣù kìíní 2024 ló bẹ̀rẹ̀, apá 24 ló sì ní, ṣùgbọ́n tuntun ló ṣì jẹ́ lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a pàdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: dírágónì pupa gbé Falin mì nísàlẹ̀ ihò ńlá kan. Kí ẹ̀mí tó bọ́, ó fi idán gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sókè. Laios, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, fẹ́ padà lọ yọ ọ́ kí ara rẹ̀ tó dà nínú ikùn ẹranko náà. Owó ti tán, ẹrù wọn ti ṣẹ́kù sísàlẹ̀, méjì nínú ẹgbẹ́ sì ti fi wọ́n sílẹ̀. Bó ṣe di pé kí wọ́n máa pa àwọn abàmì ẹ̀dá inú ihò sè jẹ nìyẹn, torí owó oúnjẹ kò sí.

Àwòrán rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Oúnjẹ rẹ̀ wọ̀ mí lójú ju ìjà rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni inú mi ń ṣe méjì sí. Àbúrò ẹni wà nínú ikùn dírágónì, ẹ̀gbọ́n ń ronú bí àkeekèé ṣe máa dùn tó! Ṣé aláìbìkítà ni wọ́n fẹ́ kí a pè é ni, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí n kò rí? Mo tún fẹ́ kí àwọn ará ilé wò ó: ọmọ ọdún 9, ọmọ ọdún 13, àti ìyá wa kan tó ń ta oúnjẹ, tí kì í fẹ́ máa ka ọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ohùn wo ni kí n yàn fún wọn? Dátà mélòó ló máa ná mi? Ibo ló yẹ kí àwọn ọmọ dúró sí?

Adẹ́rìn-ín Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Àbúrò mi, ti ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí òun ni gbogbo ìtàn náà dúró lé.

Àwọn ará Japan ní irú àwàdà kan tí wọ́n ń pè ní manzai. Èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ẹnì kan, tí wọ́n ń pè ní boke, á fi ojú tó le sọ ohun tí kò bọ́ sí i. Èkejì, tsukkomi, á já lù ú lójú ẹsẹ̀: kí lo ń wí? Nínú ìtàn yìí, Laios ni boke, Marcille onídán sì ni tsukkomi. Chilchuck, ẹni kékeré tó ń tú pàkúté, máa ń bá Marcille gbè é nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti ń bàjẹ́ jù. Senshi, aràrá onírùngbọ̀n tó ti ń jẹ ẹran inú ihò láti ọjọ́ pípẹ́, ni boke kejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ryoko Kui, tó kọ ìwé àwòrán (manga) tí wọ́n ti mú eré yìí jáde, ṣe: ohun gbogbo tí Senshi ń sọ nípa oúnjẹ ló tọ̀nà. Marcille á pariwo, á búra pé òun kò ní fẹnu kàn án, òǹwòran sì máa gbà pé òun ló ní làákàyè. Nígbà tó bá tọ́ ọ wò, á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni ẹ̀rín, kì í ṣe igbe tó ṣáájú.

Àwa níbí mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáadáa. Olóògbé Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ọmọ Iléṣà tí wọ́n bí ní 1936, máa ń gbé gíláàsì ràgàjì sójú, á so táì gbàǹgbà mọ́ ọrùn, síbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀ràn ká lára ló ń ṣe gbogbo ohun tó bá ń ṣe. Aláwàdà tó bá kọ́kọ́ rín ti gba ẹ̀rín lẹ́nu àwọn òǹwòran. Laios náà kò rín. Kò fi Falin ṣeré rárá. Ebi ló mú kí wọ́n pàdánù níwájú dírágónì yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní gan-an sọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń sọ. Pé ó tún ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ mọ bí àwọn ẹ̀dá yẹn ṣe rí lẹ́nu, òtítọ́ nìyẹn pẹ̀lú, ojú sì máa ń tì í díẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ohun méjèèjì ń gbé nínú ọkùnrin kan ṣoṣo.

Ohun mìíràn tó mú kó ṣeé ṣe ni òfin ihò náà. Níbẹ̀, wọ́n lè jí òkú bí ara bá ṣì wà. Dírágónì ní tirẹ̀ máa ń sùn púpọ̀, oúnjẹ kì í sì tètè dà nínú rẹ̀. Àyè wà nìyẹn, ṣùgbọ́n àyè náà kò gbòòrò. Bí kò bá sí òfin yẹn, àwàdà wọn ì bá di ìkà. Bí àyè náà bá sì pọ̀ jù, kò ní sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sáré. Ọ̀pọ̀ ìtàn alárìnrìn-àjò tó fẹ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín ló ti ṣubú síbí: wọ́n á ṣe àwàdà ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á fi ẹkún ìṣẹ́jú méjì lẹ̀ ẹ́ nídìí, èyí kò sì ní bá tọ̀hún tan. Nínú èyí, ìkòkò kan náà ni wọ́n fi se méjèèjì.

Ẹ wo ojú Marcille náà. Ilé iṣẹ́ Trigger tó yà á, ariwo àti iná ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n láti 2011 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Níbí, wọ́n fà á sẹ́yìn. Wọ́n á jẹ́ kí àwòrán dúró jẹ́ẹ́, kí ojú ẹni náà ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, kí ohùn tó dé. Yoshihiro Miyajima ló darí rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Iná Kò Kú (Modákẹ́kẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ìdáná ni kí ẹ jẹ́ kí n sọ, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ojú fò ó bí ẹni ń fo orin, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ mú ìkòkò àkọ́kọ́, àkeekèé ńlá àti olú tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn mẹ́ta yẹn fẹ́ se àkeekèé náà bẹ́ẹ̀ kí Senshi tó yọ sí wọn. Ó gé ọwọ́ rẹ̀, orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ kúrò, ó ní ìrù máa ń da inú rú. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀bẹ la ara rẹ̀, kí adùn lè jáde sínú omi ọbẹ̀. Ẹni tó bá ti se akàn rí mọ̀ pé òótọ́ ni: èèpo líle kì í jẹ́ kí iyọ̀ wọlé, kì í sì í jẹ́ kí adùn jáde, àfi bí o bá ṣí ọ̀nà fún un. Ní ti olú, ẹsẹ̀ tí àwa ì bá gé sọ nù ni Senshi ní ó dùn jù.

Slime wá ńkọ́, ẹ̀dá tó ń fà yọ̀ọ̀ bí ilá? Ó ní kí wọ́n fi omi gbígbóná tí a fún oje ọsàn sí fọ̀ ọ́, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n fi iyọ̀ ra á, kí wọ́n sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Èyí tó ti gbẹ ló gé sínú ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ìgbín, ṣé ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ nìyẹn? Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí álọ́ọ̀mù, iyọ̀, ká fi ọwọ́ ra á, ká ṣan án, ká tún ra á títí ikun á fi tán. Kíkan ọsàn máa ń mú kí ikun náà dì, iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára rẹ̀. Bí o bá fi omi lásán fọ̀ ọ́, ńṣe ni yóò máa yọ̀ sí i. Ryoko Kui kò kàn la ẹnu sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ìdáná gidi ló mú, ẹran tí kò sí láyé ló fi sí i. Ìdí tí ọkàn ẹni fi ń gbà á gbọ́ nìyẹn, tí itọ́ sì ń dà lẹ́nu ẹni.

Apá kejì ni wọ́n ti pàdé Basilisk, àkùkọ ńlá tí ejò so mọ́ nídìí. Májèlé wà lára rẹ̀, ó sì ti ṣe ọmọdékùnrin kan léṣe. Senshi kó ewé tó ń pa májèlé sínú ẹran náà, ó yan án, ọmọ náà sì jẹ ẹ́. Oúnjẹ àti oògùn nínú abọ́ kan. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ìyẹn máa ṣe ní kàyéfì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti mandrake, gbòǹgbò tí igbe rẹ̀ ń pa èèyàn. Senshi máa ń gé e lórí kó tó la ẹnu. Marcille kò gbà, ó ní bí ìwé ṣe kọ́ òun kọ́ nìyẹn. Ó jìyà lórí rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́, èyí tó ti ké kò korò tó èyí tí wọ́n gé lórí. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò sọ Marcille di òmùgọ̀ kí ọgbọ́n Senshi lè hàn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ mọ́.

Nínú apá kan náà ni wọ́n ti dín kakiage. Kakiage ni ewébẹ̀ tàbí ẹran tí a gé wẹ́wẹ́, tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun rírọ̀, tí a sì dín nínú òróró tó jìn. Pàkúté òróró gbígbóná àti pàkúté iná ni wọ́n fi ṣe ìdáná! Chilchuck ló ni iṣẹ́ yẹn, Senshi kò sì kọ́kọ́ tẹ̀lé ohun tó ní kó ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibẹ̀ kú. Ọ̀gá ìdáná di ọmọ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹni tó bá ń dín àkàrà mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀: bí òróró kò bá gbóná tó, ìyẹ̀fun á mu ún yó, bí ó bá gbóná jù, ẹ̀yìn á jó, inú á sì wà ní tútù.

Apá kẹta, ẹ̀wù irin tó ń jà fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún ẹ̀dá tó dà bí ìṣáwùrú, tí wọ́n so pọ̀ bí iṣan. Wọ́n yan án, wọ́n dín in, wọ́n fi se ọbẹ̀. Ìyá wa tó ń ta oúnjẹ á jókòó wo ìyẹn dópin.

Ọ̀dọ́ Ìsọ̀kun (Iléṣà)

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, èmi kò gbà pé apá kìíní dára tó báyẹn. Ó lọ́ra. Ẹ fi KonoSuba ti 2016, anime aláwàdà mìíràn, wé e, apá 10 péré ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, Kazuma, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ti kú ikú ẹ̀sín, òrìṣà Aqua ti fi í ṣẹ̀sín, ó sì ti fi ìbínú wọ́ Aqua dání lọ sí ayé kejì. Ẹni tí kò bá rín níbẹ̀ kò ní rín mọ́. Nínú Delicious in Dungeon, ìdajì apá kìíní ni àlàyé. Apá kejì ní tirẹ̀ kó oúnjẹ mẹ́ta, basilisk, omelette (ẹyin díndín tí wọ́n fi mandrake sí) àti kakiage, sínú ìṣẹ́jú bíi 24. Ó sáré jù. Apá kẹta tó gbájú mọ́ oúnjẹ kan ṣoṣo ló mí dáadáa. Bí ó bá ṣe èmi ni, ibẹ̀ ni mà á ti bẹ̀rẹ̀ fún àlejò.

Adẹ́rìn-ín Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Ọ̀dọ́, òótọ́ lo sọ nípa apá kejì. Orí mẹ́ta nínú ìwé ni wọ́n kó sínú rẹ̀, méjì ni wọ́n kó sínú apá kìíní, ìyàtọ̀ náà sì hàn. Ṣùgbọ́n má fi apá kẹta bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ibẹ̀ wá láti inú pé Laios nìkan ló ronú bí ẹ̀wù irin ṣe ń mí. Bí òǹwòran kò bá tíì rí ìfẹ́ tó ní sí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí nínú apá méjì tó ṣáájú, bí ẹni tó ń gbé idà ká ló máa rí lójú rẹ̀. Àti idà tó mú dání lópin, tó sọ lórúkọ tí kò sọ fún àwọn yòókù ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ìyẹn fi dùn.

KonoSuba pẹ̀lú, ilé ọ̀tọ̀ ni. Àìwúlò àwọn ẹlẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń rín níbẹ̀: Megumin, onídán wọn, lè fi idán bú gbàù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́, lẹ́yìn rẹ̀ á ṣubú lulẹ̀. Níbí, gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ wọn. Ibi tí ìmọ̀ ẹnì kan ti kọlu ti ẹnìkejì ni ẹ̀rín ti ń jáde. Bí o bá ń dúró de irú ti Megumin, wàá ní ó lọ́ra.

Etí Ló Ń Jẹun (Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ Mọ́remí, jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ohùn àti dátà.

Nítorí ìyá tí kò fẹ́ kàwé lójú tẹlifíṣọ̀n, yan ohùn Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àbùkù. SungWon Cho tó ń sọ̀rọ̀ bíi Senshi mú un bí bàbá àgbà tí kò kánjú, Emily Rudd sì mọ ariwo Marcille bó ṣe yẹ kó lọ. Fún ìwọ fúnra rẹ, padà wá wo ti Japan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, kí o gbọ́ Sayaka Senbongi nínú Marcille, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń já láàárín gbólóhùn. Àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe níbí. Netflix sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì. Èyí tí wọ́n kọ CC sí lára máa ń tẹ̀ lé ohùn Gẹ̀ẹ́sì. Bí o bá yan ohùn Japan tí o sì fi CC sí i, ọ̀rọ̀ àti ẹnu kò ní bára mu, wàá rò pé ìtumọ̀ ni kò dára. Èyí tí kò ní CC ni kí o mú pẹ̀lú ohùn Japan.

Dátà: bí a bá ka apá kan sí ìṣẹ́jú 25, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Lórí àkáǹtì Netflix, níbi tí wọ́n ti ń yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó, èyí tó kéré jù ń jẹ nǹkan bíi 0.3 GB ní wákàtí kan, ti àárín 0.7 GB, èyí tó mọ́ gidi tó 3 GB. Nítorí náà, apá 24 á jẹ 3 GB, tàbí 7 GB, tàbí 30 GB. Má fi í sí Auto bí dátà bá jẹ́ tìrẹ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lágbára lóru ni yóò gòkè lọ sí èyí tó wúwo jù, o kò ní mọ̀ títí dátà á fi tán. Fún ìtàn yìí, ti àárín ló tọ́ sí tẹlifíṣọ̀n kékeré. Èyí tó kéré jù máa ń pa àwòrán oúnjẹ lára: èéfín orí ìkòkò á di bátabàta, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni a wá wò. Bí o bá fẹ́ gbà á sórí fóònù kí iná tó lọ, kọ́kọ́ yan ohùn tí o fẹ́, kí o sì ṣí i wò nígbà tí o ti pa dátà. Àwọn kan gbà á tán kí wọ́n tó rí i pé ohùn tí wọ́n fẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ: ẹni ọdún 13 kò ní ìṣòro. Fún ẹni ọdún 9, kò burú títí dé apá 10, bí ẹ bá jọ jókòó. Àwọn ẹ̀mí òkú wà nínú apá karùn-ún, wọ́n dẹ́rù bani díẹ̀ kí Senshi tó yí ọ̀ràn náà padà. Láti apá 11 lọ, nígbà tí wọ́n dé iwájú dírágónì pupa, ẹ̀jẹ̀ pọ̀, egungun wà, idán tí kò yẹ kí ọmọdé sùn lé lórí sì wà níbẹ̀. Ìwọ kọ́kọ́ wo 11, 12 àti 13 fúnra rẹ, kí o tó mọ̀ bóyá kí o pè é.

Ọmọ Mọ́remí (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti padà lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní, mo sì rí ebi yẹn tí ẹ̀gbọ́n Adẹ́rìn-ín sọ. Ó kọjá lójú mi nígbà àkọ́kọ́. Ìbéèrè kan ló kù: alẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn máa wà nílé. Apá mélòó ni kí n fi hàn wọ́n?

Iná Kò Kú (Modákẹ́kẹ́)

Mẹ́ta, ní títò bó ṣe wà. Ìṣẹ́jú 75 nìyẹn, bí o bá sì fo orin ìbẹ̀rẹ̀ nínú kejì àti ìkẹta, á dín díẹ̀. Dá a dúró lẹ́yìn kakiage kí ìyá wa sọ tẹnu rẹ̀, torí ó máa ní ohun tó fẹ́ sọ nípa òróró. Kí o sì ti gba apá kẹrin pamọ́. Senshi ń gbin ewébẹ̀ sẹ́yìn golem níbẹ̀, ẹ̀dá alámọ̀ tó ga bí ilé, bí ẹni ń dáko ní ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá ti rí kábéèjì tó wú lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò ní gbà kí o paná. Àti pé jẹ́ kí wọ́n jẹun kí o tó tan án.